Ọ̀bẹ kọ́ ló ń tú kánsà ká: ohun tí ojú mi rí ní yàrá iṣẹ́ abẹ ní Rẹ́mọ

Ní Rẹ́mọ níbí, bí wọ́n bá rí kókó lára èèyàn, ìkìlọ̀ tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ará ilé ni pé kó má jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn án. Wọ́n á ní bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, ó ti tú ká nìyẹn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Ìpẹ̀rù, mo gbọ́ ọ ní Ìṣarà, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé gan-an ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo máa ń dúró ti tábìlì, tí mo ń na irin sí dókítà lọ́wọ́, tí mo ń ka gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń nu ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó rán ikùn pa. Mo ti bá àwọn oníṣẹ́ abẹ yọ kánsà ọmú, ti ìfun, ti ilé ọmọ. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé oníṣẹ́ abẹ ló yẹ kí ẹni tó ní kókó tètè lọ bá. Àwa la sọ ọ́ di ẹni tí à ń sá tọ̀ lọ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti ṣẹ̀ wá, n kò sì fi ojú òpè wo ẹni tó ń bẹ̀rù. Obìnrin á rí kókó kékeré nínú ọmú, á fi í sílẹ̀. Á ra àgbo, á lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ sí i lára. Nígbà tí yóò fi dé ọsibítù, awọ ọmú ti bẹ́, ó ti di egbò, kánsà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun ẹ̀yìn. Wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ kí ara lè rọ̀ ọ́. Bí ó bá wá kú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀bẹ ni gbogbo àdúgbò yóò dá lẹ́bi, nítorí òun ni wọ́n rí kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tí yóò ka ọdún tó fi wà nílé mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, kánsà kì í dúró de ọ̀bẹ kó tó rìn. Inú ẹ̀jẹ̀ àti inú omi ara ló ń gbà, àwọn ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án gan-an ló ń ríbi rìn jù.

Èyí tó ṣì yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé gígé kì í ṣe iṣẹ́ tí oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá olóbì kan ní Ṣàgámù. Ẹni tó bá mọ Ṣàgámù mọ̀ pé ìlú obì ni, àwọn Hausa tó wà ní Sábó ń kó obì Rẹ́mọ lọ sókè ọya láti ayébáyé. Ìyá yìí ń ra obì lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ń bó o, ó ń fi ewé dì í, ó sì ń tà á fún wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọmú òsì ló ti rí kókó, lápá ibi tó sún mọ́ abíyá. Kò dùn ún. Ohun tó jẹ́ kó fi í sílẹ̀ nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ wa gbà pé ohun tí kò bá dunni kò tíì di àìsàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní Ìjagun ló fà á dé ọ̀dọ̀ wa, tẹ̀bẹ̀tẹ̀bẹ̀, tẹkúntẹkún.

Dókítà kò mú ọ̀bẹ. Ó ní kí ìyá jókòó, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kó tún fi wọ́n tẹ ìbàdí mọ́lẹ̀. Ó ń wò bóyá awọ ọmú ń fà wọlé níbì kan. Lẹ́yìn náà ó ní kó dùbúlẹ̀. Ọmú tí kò ní nǹkan ló kọ́kọ́ fi ìka wá, kó lè mọ bí ara ìyá náà ṣe rí nígbà tó bá dára, kó tó bọ́ sí èyí tó ní kókó. Ó wá abíyá méjèèjì. Ó wá ẹ̀gbẹ́ ọrùn, lókè eegun èjìká. Mo ti rí i rí kí ọwọ́ dókítà dúró níbẹ̀ kí ó má sì sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí kókó tó bá ti dé ọrùn ti rìn jìnnà. Ti ìyá olóbì kò tíì dé ibẹ̀. Ó ti wà ní abíyá.

Ó fi oògùn mú ojú ibẹ̀ kú kó má baà dùn ún, ó mú abẹ́rẹ́ kan tó nípọn, tó ní ihò nínú. Abẹ́rẹ́ náà dún pá, ó sì gé ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. Ó gé e lọ́nà bíi mélòó kan. Mo gbà á sínú ìgò fọ́málíìnì, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, mo kọ orúkọ ìyá sí i lára, mo kọ "ọmú òsì", mo kọ agogo tí a gé e. Agogo yẹn ní ìdí: ẹran tó bá pẹ́ lórí tábìlì kó tó wọ fọ́málíìnì máa ń bàjẹ́, ohun tí láàbù bá rí nínú rẹ̀ sì lè ṣini lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá náà ọkùnrin bínú. Ó ní, "Dókítà, ẹ bá wa gé e kúrò lónìí. A ti ta ilẹ̀ wa kan ní Mákùn, owó wà lọ́wọ́ wa."

Dókítà jókòó kó tó dá a lóhùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ irú ohun tí mo fẹ́ gé. Kánsà ọmú kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn wà tí a ń gé lójú ẹsẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé oògùn la fi ń kọ́kọ́ lù ú mọ́lẹ̀, kó fún pọ̀, kí n tó wá gé e. Bí mo bá gé e lónìí tí mo sì gé e ṣì, owó ilẹ̀ yín ti wọmi."

Nígbà tí èsì láàbù dé, irú èyí tí hómóònù obìnrin, ìyẹn omi inú ara tó ń mú obìnrin rí bí obìnrin, kì í bọ́ ni, tí oògùn hómóònù kò sì lè ràn. A máa ń rí irú rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ju bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe ń rí i lọ, ara rẹ̀ sì máa ń yá. Oníṣẹ́ abẹ àti dókítà tó ń fúnni ní oògùn kánsà, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní kímò, jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kímò ni yóò ṣáájú. Irun ìyá já, ó fi gèlè bò ó, ó sì ń bá obì rẹ̀ lọ láàárín abẹ́rẹ́ kan sí ìkejì. Ní gbogbo àsìkò yẹn, oníṣẹ́ abẹ tí kò tíì gé nǹkan kan ló ń pè é wá, tó ń fi irin ìwọ̀n wọn kókó náà, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń dínkù.

Mo ti bá àwọn ẹbí púpọ̀ pàdé tí wọ́n gbà pé dókítà tó bá ní kí wọ́n dúró kò mọṣẹ́, pé ẹni tó bá tètè gbé ọ̀bẹ ni akọni. Òdìkejì rẹ̀ ni mo rí. Ẹni tó ń kánjú gé ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, dókítà ti fi bírò fa ilà sí àyà ìyá kó tó wọ tíátà. Ká tó fún un ní oògùn oorun, a bi í léèrè orúkọ rẹ̀, a bi í pé ọmú wo ni, a sì ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí i. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008 nìyẹn, kí wọ́n má baà gé apá tí kò ní nǹkan.

Ẹni tó bá ti wa ewùrà rí mọ̀ pé ọkọ́ kì í kan iṣu. Erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là ń wà, títí iṣu yóò fi jáde tòun ti erùpẹ̀ lára. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oníṣẹ́ abẹ ń ṣe. Ojú rẹ̀ kì í kan kánsà rárá. Inú ẹran tó dára ló ń rìn, yípo yípo, kó lè jẹ́ pé ẹran tó dára ló dì mọ́ kókó náà nígbà tó bá máa jáde. Bí ọ̀bẹ bá kan kókó, ó ti kùnà nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ó wọ abíyá, ó kó ọ̀rá ibẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọn wóró kéékèèké inú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni kánsà ọmú máa ń kọ́kọ́ yà sí bó bá jáde nílé. Àwọn iṣan kan kọjá níbẹ̀ tí kò tóbi rárá. Bó bá já ọ̀kan, eegun èjìká á yọ síta, aláìsàn kò ní lè ti nǹkan wúwo mọ́. Mo máa ń rí i tí dókítà yóò dá ọwọ́ dúró, tí yóò fi ẹnu irin fọwọ́ kan iṣan náà wẹ́rẹ́, tí yóò rí i pé ó fò, kó tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí ọmú náà jáde, kò jù ú sínú bàsíà. Ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó ran okùn kúkúrú kan sí etí tó kọjú sókè, ó ran okùn gígùn sí etí tó kọjú sí abíyá. Mo ti mọ̀ ọ́n, n kì í dúró kó bèèrè. Ẹni tó wà ní láàbù kò rí aláìsàn, ẹran nìkan ló rí. Okùn méjì yẹn ni yóò fi mọ òkè ẹran náà yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá rí kánsà tó ti dé etí kan, yóò lè sọ pé etí báyìí ni, oníṣẹ́ abẹ á sì mọ ibi tí yóò padà sí. Èsì ìyá olóbì jáde pé gbogbo etí mọ́. Wọ́n kọ iye wóró tí wọ́n rí lábẹ́ abíyá sí i àti iye tí kánsà wà nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ láàbù yìí ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ohun tí mo rí. Obìnrin kan wá bá wa tí kókó ọmú rẹ̀ ti hù padà. Ó ní ilé ìwòsàn kékeré kan ti gé e kúrò rí, wọ́n ní ọ̀rá lásán ni. Dókítà bèèrè ìwé èsì láàbù. Kò sí. Wọ́n gé kókó náà, wọ́n fi hàn án nínú abọ́, wọ́n sì dà á nù. Kò sẹ́ni tó mọ irú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n kó o tán, kímò tó yẹ kó gbà kò gbà. Ó fi ọkàn balẹ̀ ń bá ayé rẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gé nǹkan lára yín tàbí lára ẹni yín, ì báà ṣe bíńtín, ẹ bèèrè pé láàbù wo ni ẹran náà ń lọ, ọjọ́ wo ni èsì máa jáde. Ẹ gba ìwé náà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Ilé ìwòsàn tó bá sọ pé kò sídìí fún un, ẹ dìde níbẹ̀.

Nígbà kan, gbogbo obìnrin tó bá ní kánsà ọmú ni wọ́n máa ń gé dé eegun. William Halsted ní Amẹ́ríkà ló mú ọ̀nà yẹn lókìkí láti 1882: ó ń gé ọmú, ó ń gé ẹran àyà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń kó abíyá. Ó ju 80 ọdún lọ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fi tẹ̀ lé e, ọwọ́ àwọn obìnrin sì ń wú, àyà wọn ń jìn wọlé. Oníṣẹ́ abẹ mìíràn, Bernard Fisher, ló ní kí wọ́n dán an wò. Ní 1985 òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé àbájáde jáde pé obìnrin tí wọ́n yọ kókó nìkan fún, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ onítànṣán tọ́jú, ń pẹ́ láyé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n gé gbogbo ọmú rẹ̀. Wọ́n tún wò ó nígbà tó pé 20 ọdún, wọ́n gbé e jáde ní 2002, bákan náà ló rí.

Àwọn aláìsàn tó ti ka irú èyí lórí fóònù máa ń bi wá pé kí ló dé tí a fi ń gé gbogbo ọmú. Ìdáhùn rẹ̀ wà lórí títì márosẹ̀. Ẹni tí a bá fi ọmú sílẹ̀ fún gbọ́dọ̀ gba ìtànṣán, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà. Láti Rẹ́mọ, ọsibítù ńlá UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àrábà l'Ékòó ni à ń rán èèyàn lọ. Ta ni yóò gbà á sílé níbẹ̀? Ta ni yóò máa ta ọjà rẹ̀? Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ láàárín ńkọ́? Oníṣẹ́ abẹ tó dáa máa ń bèèrè gbogbo èyí kó tó sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Mo rí ọ̀kan tó bèèrè lọ́wọ́ obìnrin kan bóyá ó ní mọ̀lẹ́bí ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ó sì kọ ìdáhùn sínú fáìlì. Obìnrin náà ní àbúrò níbẹ̀. Wọ́n yọ kókó, wọ́n fi ọmú sílẹ̀ fún un. Ti ìyá olóbì kò rí bẹ́ẹ̀, kókó rẹ̀ ti tóbi nígbà tó wá, ó sì ti dé abíyá. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òun náà lọ gba ìtànṣán ní Ìbàdàn, ọmọ rẹ̀ sì ń tọ́jú obì.

Bàbá kan wá láti Òde-Rẹ́mọ, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ jáde. Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo ayé pè é, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí títí, kò jẹ ohun dídùn mọ́, ó ń jókòó sínú omi gbígbóná. Ìgbà tó wá ń lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ léraléra, tí ó sì ń ṣe é bíi pé kò tíì tán, ni ìyàwó rẹ̀ mú un wá. Ó ti gba oògùn lọ́wọ́ àwọn mìíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi ìka wò ó nídìí.

Oníṣẹ́ abẹ wọ ìbọ̀wọ́, ó fi jẹ́lì sí ìka, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ ó ní í lára díẹ̀, kò ní pẹ́." Kò pé ìṣẹ́jú kan. Ìka rẹ̀ kan nǹkan líle kan, ó jìn díẹ̀ péré. Ẹni tó ní ìka àti ìbọ̀wọ́ ì bá ti rí i láti ọjọ́ yìí. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀rọ kankan kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lọ́jọ́ náà.

Kánsà náà wà nísàlẹ̀ débi pé wọn kò lè yọ ọ́ kí wọ́n sì fi ojú ìdí sílẹ̀. Wọ́n ní ìfun rẹ̀ yóò máa gba ikùn jáde sínú àpò kan, títí ayé rẹ̀. Bàbá dìde. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tí yóò máa gbé ìgbẹ́ kọ́ ara rìn láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun, ikú yá ju ẹ̀sín. Dókítà kò bá a jà. Ó ní kó padà wá lọ́jọ́ ìpàdé àwọn aláìsàn.

Lọ́jọ́ yẹn ó pe ọkùnrin kan sínú yàrá, ó wọ agbádá, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Dókítà bi bàbá pé, "Ẹ wo ẹ̀gbọ́n yìí dáadáa. Níbo ni àpò tirẹ̀ wà?" Bàbá wò ó lọ wò ó bọ̀. Kò rí nǹkan kan, kò gbóòórùn. Ọkùnrin náà ṣí aṣọ, ó fi hàn án, ó sì jókòó tì í, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ abẹ kò rí sọ, ẹni tí àpò wà lára rẹ̀ bá a sọ ọ́. Bàbá gbà.

Ọ̀sán tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mo wo ohun kan tí kì í sú mi láti wò. Dókítà ní kí bàbá wọ ṣòkòtò rẹ̀, kó dì í níbi tó máa ń dì í. Ó ní kó dìde, kó jókòó, kó bẹ̀rẹ̀, kó dùbúlẹ̀. Ó ń wá ibi tí ikùn kì í ká sí, tí okùn ṣòkòtò kò kọjá, tí ojú bàbá fúnra rẹ̀ lè rí nígbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ àpò. Ó fi bírò fa òbìrí síbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣi ibi yẹn yàn, àpò kò ní lẹ̀ dáadáa, yóò máa jò, ẹni náà kò sì ní lè jáde nílé mọ́. Iṣẹ́ abẹ náà lè yọ kánsà kúrò pátápátá, kí bírò yẹn sì ba ìyókù ayé ẹni jẹ́. Ìyàwó bàbá ló kọ́ bí a ṣe ń gé ojú àpò kó bá ìfun mu. Àpò náà wọ́n. Àwọn kan ń fi ọ̀rá dì í nílé, ara wọn sì ń bó. Ìyà tó yẹ kí ìjọba bá wọn gbé kúrò ni.

Àwọn àgbà ọkùnrin tí kánsà próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ti wọ eegun wọn, iṣẹ́ abẹ tiwọn tún yàtọ̀: kórópọ̀n ni wọ́n ń yọ, wọn kì í fọwọ́ kan kánsà náà rárá. Charles Huggins, oníṣẹ́ abẹ ní Chicago, ló fi hàn ní 1941 pé hómóònù ọkùnrin ló ń bọ́ kánsà yẹn, pé bí a bá dí orísun rẹ̀, ìyẹn kórópọ̀n, kánsà á rẹ̀yìn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Ẹnu á kọ́kọ́ ya ọkọ, ẹnu á ya ìyàwó: "Ṣé ẹ fẹ́ tẹ̀ mí lọ́dàá ni?" Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan ni, owó rẹ̀ kò tó ti abẹ́rẹ́ tí wọn yóò máa rà títí ayé, mo sì ti rí àgbà tí ìrora ẹ̀yìn kò jẹ́ kó sùn, tó sùn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn ní gbangba, ní èdè wọn, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Ìgbà mìíràn wà tí ohun tó tọ́ ni kí oníṣẹ́ abẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Denis Burkitt, ọmọ Ireland tó ṣiṣẹ́ abẹ ní Uganda, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1958 nípa kókó kan tó ń wú sí párì àwọn ọmọdé. Ọ̀bẹ kò rí i ṣe. Oògùn ló ń yọ́ ọ. Orúkọ Burkitt ni àìsàn náà ń jẹ́ títí dòní. Bí ẹ bá rí ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wú kíákíá, tí eyín rẹ̀ ń mì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa yọ eyín lórí eyín. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá.

Obìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo fi mọ̀ pé oníṣẹ́ abẹ lè ṣe oore fún ẹni tí kò lè wò sàn. Kánsà ti wọ eegun rẹ̀ nígbà tó dé. Egbò ọmú rẹ̀ ń rùn débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà fún un. Oníṣẹ́ abẹ jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sọ fún un láì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé òun kò lè lé kánsà lọ, ṣùgbọ́n òun lè lé òórùn lọ. Ó gé ọmú náà, ó gé awọ láti itan rẹ̀, ó fi bo àyà. Egbò jiná. Lọ́dún yẹn, nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta Iléyá, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì bá wọn lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó lo oṣù díẹ̀ sí i láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì ń bá a jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún mi pé ọ̀bẹ ló pa á, mo mọ ohun tí mo máa sọ fún un.

Ní 2015, ìgbìmọ̀ tí ìwé ìṣègùn The Lancet Oncology gbé kalẹ̀ ṣírò pé nínú mílíọ̀nù 15.2 èèyàn tí kánsà bá lágbàáyé lọ́dún náà, ó lé ní 80 nínú 100 tí yóò nílò iṣẹ́ abẹ, pé àwọn tó sì ń rí iṣẹ́ abẹ tí kò léwu, tí agbára wọn ká, tó sì bọ́ sákòókò, kò tó 25 nínú 100. Nígbà tí mo kà á, n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jiyàn. Mo ti rí ọjọ́ tí a sún iṣẹ́ abẹ síwájú nítorí ẹ̀jẹ̀ kò sí, ọjọ́ tí iná lọ, ọjọ́ tí dókítà amúnisùn kan ṣoṣo wà fún gbogbo tíátà. Ẹ̀jẹ̀ yìí, ẹbí lè bá wa ṣe é: kí ẹ mú ẹni méjì tàbí mẹ́ta wá tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ kì í parí níbi tí ojú ọgbẹ́ bá ti pa dé. Ìyá olóbì gbé rọ́bà méjì kúrò ní tíátà, tí omi pupa ń kán sínú rẹ̀. Mo kọ́ ọmọ rẹ̀ bí yóò ṣe máa wọn ọ́n láràárọ̀, tí yóò sì máa kọ ọ́. Nígbà tí omi ọjọ́ kan kò tó mílílítà 30 mọ́, dókítà yọ rọ́bà. Ó ní kí ìyá kọjú sí ògiri, kó máa fi ìka gùn ún lọ sókè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí èjìká má baà gan. Ó ní kó má jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì bí ọ̀tún bá wà, kó sì tètè wá bí ọwọ́ náà bá wú. Ó ń wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó di oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Gbogbo ìgbà tó bá dé, dókítà á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí: ojú àpá, abíyá, ọrùn, ọmú kejì. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ya fọ́tò inú ọmú kejì yẹn lọ́dọọdún.

Ibẹ̀ ni a ti ń pàdánù ọ̀pọ̀ èèyàn. Ara wọn á mókun, wọ́n á ní Ọlọ́run ti ṣe é, wọn kò ní padà wá mọ́. Ọlọ́run ti ṣe é lóòótọ́. Ẹ ṣì máa wá. Kánsà tó bá fẹ́ padà sójú àpá, ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ lè bá a nígbà tó ṣì kéré.

Dókítà bi ìyá léèrè ọjọ́ orí tí kánsà fi bá a, ó yọ ọdún mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, ó ní ọjọ́ orí yẹn ni kí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ọmú, kó má dúró de ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn, ó ní kí wọ́n wá kí dókítà rí wọn. Ọ̀kan wá lọ́sẹ̀ yẹn. Èkejì ní òun kò ní kókó, kí ni òun fẹ́ wá ṣe, ìyá sì ń pè é lórí fóònù títí ó fi wá.